Ọmọ mi gba rota pé, kí ló wá dé tó tún ń yàgbẹ́ gbuuru?

Ìyá Ìbejì Ìbàdàn kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Àwọn ìbejì mi ti pé oṣù mẹ́jọ, gbogbo àjẹsára wọn ni mo gbà fún wọn ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà àdúgbò wa, rota, àjẹsára ìgbẹ́ gbuuru tí wọ́n ń kán sí wọn lẹ́nu yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n gbà á pé, ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, káàdì wọn wà lọ́wọ́ mi. Ó wá di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Táyé ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í bì, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti ń yàgbẹ́ gbuuru, omi lásán, ara ẹ̀ sì gbóná. Kẹ́hìndé náà ṣe díẹ̀ àmọ́ tiẹ̀ ò pọ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, wọ́n ti ń jẹun, wọ́n ti ń ṣeré.

Ìyá ọkọ mi ní eyín ló ń yọ. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní tiẹ̀ ní àjẹsára yẹn ni kò wúlò, pé nígbà tiwọn kò sí rota, wọn ò sì kú. Mi ò fẹ́ bá àgbà jiyàn nígbà tí mi ò ní ohun tí mo máa sọ. Tí àjẹsára bá ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, kí ló dé tí wọ́n tún ń yàgbẹ́? Báwo gan-an lara ọmọ ṣe ń bá irú kòkòrò inú bẹ́ẹ̀ jà? Kí ló sì dé tó jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n ń kán tibí sí, tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún fún àwọn tó kù?

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta fèsì:

Ẹ kú ìtọ́jú o, Màmá Ìbejì, Ọlọ́run á wò wọ́n fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti eyín kúrò nílẹ̀. Eyín kì í fa ìgbẹ́ gbuuru. Ohun tó jẹ́ káwọn ìyá wa so méjèèjì pọ̀ ni pé àsìkò kan náà ni wọ́n máa ń bọ́ sí. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà leyín máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, àsìkò yẹn náà lọmọ ń rá kiri, gbogbo ohun tọ́wọ́ ẹ̀ bá bà ẹnu ló ń lọ, ó ti ń mu ògì, ó ti ń jẹ oúnjẹ míì yàtọ̀ sí ọmú, ántíbọ́dì (èròjà tí ara fi ń bá kòkòrò jà) tó gbà lára ìyá ẹ̀ látinú oyún náà sì ti ń tán lára ẹ̀. Ohun táwọn ìyá wa rí kì í ṣe irọ́, ohun tó fà á gan-an ni wọn ò rí. Èyí tó ń dùn mí jù níbẹ̀ ni pé tí wọ́n bá ti lè sọ pé eyín ni, wọn ò ní tètè gbé ọmọ wá mọ́, wọ́n á máa dúró de ìgbà tí eyín á fi yọ tán, kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ojú ọmọ ti rì wọnú, àwùjẹ̀ ẹ̀ ti jìn, tó bá ń sunkún omi ò jáde lójú ẹ̀ mọ́.

Ẹ̀ẹ̀kejì, fáírọ́ọ̀sì rota (rotavirus) nìkan kọ́ ló ń fa ìgbẹ́ gbuuru o. Norovirus ń fà á, adenovirus ń fà á, àwọn bakitéríà náà wà níbẹ̀. Rota nìkan ni àjẹsára rota mọ̀. Nítorí náà ó lè má jẹ́ rota ló mú Táyé rárá, kò sì sẹ́ni tó lè fojú lásán mọ̀ ọ́n àfi tí wọ́n bá yẹ ìgbẹ́ ẹ̀ wò ní láàbù.

Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní rota ni. Iṣẹ́ tá a gbé lé àjẹsára yẹn lọ́wọ́ ni pé kó má jẹ́ kó pa ọmọ, kó má jẹ́ kó dé orí dírípù. Ọmọ yín bì, ó yàgbẹ́, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó dìde ó ń ṣeré, ẹ ò sùn sí ọsibítù. Èmi tí mo ti wà ní wọ́ọ̀dù ọmọdé kó tó di pé rota wọ inú àjẹsára ọ̀fẹ́ ní Nàìjíríà, oṣù kẹjọ ọdún 2022 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, mo mọ bí àwọn oṣù ọyẹ́ ṣe máa ń rí níbẹ̀. A máa ń wá iṣan tá a máa fi dírípù sí lọ́wọ́ ọmọ, a ò ní rí i, a ó lọ sí ẹsẹ̀, a ò ní rí i, a ó wá a dé orí, ìyá ọmọ á máa wò wá lójú. Kí ẹ̀gbọ́n yín má sọ pé wọn ò kú. Àwọn tí kò kú ló wà láyé tí wọ́n ń sọ ọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Leeds fèsì:

Nọ́ọ̀sì ti sọ ojú abẹ níkòó. Iṣẹ́ láàbù ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ bí ara ṣe ń jà á, mo mọ̀ pé á gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ọdún 1973 ni Ruth Bishop àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Melbourne, ní Ọsirélíà, kọ́kọ́ rí fáírọ́ọ̀sì yìí nínú ègé kékeré tí wọ́n mú lára ìfun àwọn ọmọ tó ń yàgbẹ́. Kó tó dìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru gbé dé ọsibítù, dókítà ò lè sọ ohun tó fà á.

Ẹnu ló ń gbà wọlé, látọwọ́, látinú omi, lára nǹkan ìṣeré. Ó máa la inú kọjá títí tó fi máa dé ìfun kékeré. Tẹ́ ẹ bá fi maikirosíkópù wo inú ìfun yẹn, ẹ máa rí àwọn nǹkan tín-tìn-tín tó yọ jáde lára ẹ̀ ṣùù, orí wọn làwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń fa omi àti èròjà oúnjẹ wọ inú ẹ̀jẹ̀ wà. Orí ibẹ̀ gan-an ni rota máa ń lọ. Ó máa wọ inú sẹ́ẹ̀lì, á pọ̀ sí i níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á kú. Omi tó yẹ kí ìfun fà kò ní rí ẹni fà á mọ́. Ibẹ̀ nìkan kọ́, fáírọ́ọ̀sì yìí tún ń tú májèlé kan jáde tí wọ́n ń pè ní NSP4, tó ń mú kí ìfun fúnra ẹ̀ máa da omi jáde. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ omi lásán lẹ ń rí nínú páḿpáàsì.

Ní ti bí ara ṣe ń gbèjà ara ẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì wọ̀ kì í kú láìsọ̀rọ̀. Ó máa tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní interferon jáde, òun ló ń ta àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lólobó kí wọ́n tètè múra, kí fáírọ́ọ̀sì má bàa rí ibẹ̀ pọ̀ sí. Gbogbo ìyẹn ń ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, kò sì béèrè pé irú kòkòrò wo ni. Ara gbígbóná náà wà lára ìjà yẹn. Ìfun tún ń bọ́ awọ inú ẹ̀ dànù ó ń hu tuntun, láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún awọ ibẹ̀ ti di òmíràn. Lẹ́yìn náà làwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń dá kòkòrò mọ̀ níkọ̀ọ̀kan á wá wọlé, àwọn kan (T ni wọ́n ń pè wọ́n) ń pa sẹ́ẹ̀lì tó ti ní fáírọ́ọ̀sì nínú, àwọn kan tí wọ́n ń pè ní B ń ṣe ántíbọ́dì. Àwọn yẹn máa ń pẹ́ dé tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ara rí kòkòrò náà, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ántíbọ́dì tó pọ̀ tó. Inú ọ̀sẹ̀ yẹn lọmọ kékeré ti lè kú, kì í ṣe pé ara ò mọ ìjà jà, omi ló tán lára ẹ̀ kí ìjà tó parí.

Ántíbọ́dì tó ṣe pàtàkì jù nínú ìfun ni IgA. Ó yàtọ̀ sí IgG tó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn kiri. Inú ìfun gan-an ni wọ́n ń tú IgA sí, ibi tí fáírọ́ọ̀sì ń gbà wọlé, bíi ọlọ́dẹ tó dúró sẹ́nu géètì tó sì ti mọ ojú olè, á dì mọ́ fáírọ́ọ̀sì kó má ráyè kan sẹ́ẹ̀lì rárá. Àmọ́ IgA inú ìfun máa ń dín kù bí oṣù ṣe ń lọ. Ohun tó ń ṣẹ́ kù ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó rántí. Tí rota bá tún dé, ó lè ráyè wọlé díẹ̀, ọmọ lè bì, ó lè yàgbẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó rántí yẹn ò ní lo ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó dìde, kíá ni wọ́n máa pọ̀, ìjà á sì parí kó tó le.

Màmá Ìbejì, ibí yìí ni èsì ìbéèrè yín wà. Ruth Bishop kan náà àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1983 pé àwọn ọmọ tí rota mú nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí wọn tún ń kó o lẹ́yìn náà bíi tàwọn tó kù, àmọ́ tiwọn kì í le. Lọ́dún 1996 èsì ìwádìí míì jáde láti Mexico, wọ́n tẹ̀ lé ọmọ 200 látọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn títí dé ọdún méjì. Àwọn tí rota ti mú lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ìkankan nínú wọn tó tún ṣe é tó le mọ́. Ẹ wo ohun tí àjẹsára ń ṣe nìyẹn, ó ń jẹ́ kí ọmọ la ìgbà àkọ́kọ́ àti ìgbà kejì yẹn kọjá pẹ̀lú fáírọ́ọ̀sì tí agbára ẹ̀ ti rọ̀, kí ojúlówó tó dé. Ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ń lò nílẹ̀ Áfíríkà tiẹ̀ wá láti ara ọmọ tuntun jòjòló kan ní Delhi, ní Íńdíà, tí fáírọ́ọ̀sì náà wà lára ẹ̀ tí kò ṣe é ní nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ ẹnu àti abẹ́rẹ́: tẹ́ ẹ bá gún abẹ́rẹ́ sí itan, ẹ̀jẹ̀ ni ántíbọ́dì máa pọ̀ sí jù, tìfun ò ní pọ̀. Tẹ́ ẹ bá kán fáírọ́ọ̀sì tó ti rọ̀ sẹ́nu, ó máa gba ọ̀nà tí ojúlówó ń gbà, ìfun á rí i, ìfun á sì ṣe IgA tiẹ̀. Pólíò náà bẹ́ẹ̀, inú ìfun ni fáírọ́ọ̀sì pólíò ti ń pọ̀ kó tó lọ ba mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́. Abẹ́rẹ́ pólíò ń dáàbò bo ọmọ kó má yarọ, àmọ́ èyí tí wọ́n ń kán sẹ́nu ló ń dí fáírọ́ọ̀sì lọ́wọ́ jù nínú ìfun kó má bàa bá ìgbẹ́ jáde lọ mú ọmọ ẹlòmíì. Pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń kán sẹ́nu làwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ láti ojúlé dé ojúlé títí wọ́n fi kéde ní August 25, 2020 pé pólíò àdáyébá ti kúrò nílẹ̀ Áfíríkà.

Bàbá Kòfo fèsì:

Ẹ ṣeun o, mo gbádùn àlàyé yìí. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n béèrè o. Mo kà á níbì kan pé rota yìí kì í ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Áfíríkà tó bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lókè òkun. Ṣé òótọ́ ni? Tó bá jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí wọ́n fi ń fún àwọn ọmọ wa? Mo tún gbọ́ pé wọ́n ti kó o kúrò lọ́jà rí ní Amẹ́ríkà torí pé ó ń lọ́ ìfun ọmọ. Ìyàwó mi wà nínú oyún lọ́wọ́lọ́wọ́, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n fún ọmọ mi ní ohun tí mi ò mọ̀dí ẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Leeds fèsì:

Bàbá Kòfo, ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo bàbá béèrè lẹ béèrè yẹn, òótọ́ sì ni apá méjèèjì, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Ọdún 2010 ni èsì ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní South Africa àti Malawi. Ní South Africa, àjẹsára náà dènà nǹkan bí 77% nínú rota tó le. Ní Malawi, nǹkan bí 49%. Ìdí ẹ̀ pọ̀. Ní ibi tí rota pọ̀ sí, àwọn ìyá ní ántíbọ́dì ẹ̀ lára gan-an, ọmọ gbà á látinú oyún, ó tún ń mu ún nínú ọmú, ántíbọ́dì ìyá yìí lè pa fáírọ́ọ̀sì àjẹsára kí ìfun ọmọ tó kẹ́kọ̀ọ́ lára ẹ̀. Pólíò tí wọ́n ń kán sẹ́nu lọ́jọ́ kan náà máa ń bá a du àyè nínú ìfun, pàápàá nígbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ tí omi ìdọ̀tí àti oríṣiríṣi kòkòrò ti ń dà láàmù látìgbà tí wọ́n ti bí i, ìfun ẹ̀ ti wú, awọ inú ẹ̀ ti pẹlẹbẹ, kì í lè dáhùn sí àjẹsára tó bó ṣe yẹ. Àìjẹunrekánú náà wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ojú ìdá ọgọ́rùn-ún nìkan wò ó. Nínú ìwádìí kan náà yẹn, nínú ọmọ 100 tó gbà á, lọ́dún kan, nǹkan bí ìgbà 7 ló gbà wọ́n lọ́wọ́ rota tó le ní Malawi, ní South Africa nǹkan bí 4. Ibi tó ti dà bíi pé kò ṣiṣẹ́ tó yẹn gan-an ló ti gba ọmọ là jù, torí pé ibẹ̀ ni rota ti ń jà jù. Níbí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, July 2013 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ, ọ̀sẹ̀ kẹjọ àti ìkejìlá, iye rota tí wọ́n ń rí ní láàbù sì fi ohun tó ju ìdajì lọ dín kù lọ́dún àkọ́kọ́. Èmi ò rí ìdí tí ọmọ tó wà ní Ìlaròó tàbí Ìṣẹ́yìn ò fi ní gba tiẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé òun ló wà nínú ewu jù.

Èyí tí wọ́n kó kúrò lọ́jà ní Amẹ́ríkà ni RotaShield. Wọ́n gbà á wọlé lọ́dún 1998, wọ́n dá a dúró lọ́dún 1999, torí wọ́n rí i pé ìfun nǹkan bí ọmọ 1 nínú 10,000 ń ki bọ inú ara ẹ̀. Kì í ṣe òun ni wọ́n ń fún àwọn ọmọ yín. Kí wọ́n tó gba Rotarix àti RotaTeq tó dé lẹ́yìn ẹ̀ wọlé, ọmọ tó ju 60,000 ni wọ́n fi dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò nítorí ìṣòro yìí gan-an. Ewu ẹ̀ ò tán pátápátá láwọn ìlú òkè òkun, ó wà ní nǹkan bí ọmọ 1 sí 6 nínú 100,000. Nílẹ̀ Áfíríkà, ìwádìí tí wọ́n ṣe lórílẹ̀-èdè méje tó jáde lọ́dún 2018 ò rí i pé Rotarix dá kún un rárá.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta fèsì:

Ẹ ṣé gan-an Ọmọ Ìjẹ̀bú. Kí ìyá kankan má bàa fòyà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tẹ́ ẹ máa wò lórí ọ̀rọ̀ ìfun yẹn: ọmọ á ké gan-an, á fa ẹsẹ̀ méjèèjì sókè sí ikùn, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀, èébì á wà níbẹ̀, ìgbẹ́ ẹ̀ lè jáde bí ikun tó ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Ẹ má dúró wo ilẹ̀ kó mọ́ tẹ́ ẹ bá rí bẹ́ẹ̀, yálà ó gba rota tàbí kò gbà á, torí ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí kò gba nǹkan kan náà.

Ní ti ìgbẹ́ gbuuru gan-an, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sáré lọ ra Flagyl tàbí kápúsù ní kẹ́mìsì. Tó bá jẹ́ fáírọ́ọ̀sì ni, oògùn yẹn ò lè pa á, ńṣe ló máa tún da inú ọmọ rú. Àgbo náà, ẹ fi sílẹ̀ fún ọmọ tó ń yàgbẹ́. ORS, iyọ̀ àti ṣúgà inú sáṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pò mọ́ omi, ni kẹ́ ẹ fún un. Fáírọ́ọ̀sì ba ìfun jẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀nà kan wà tí kì í bà jẹ́ tán, ibi tí ṣúgà àti iyọ̀ jọ ń gbà wọlé pọ̀, omi á sì tẹ̀ lé wọn. Ohun tí ORS ń bá ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹ ka ara sáṣẹ́ẹ̀tì dáadáa kẹ́ ẹ mọ iye omi tẹ́ ẹ máa pò ó mọ́, ẹ má fojú bù ú. Ṣíbí kékeré lẹ máa fi fún un, díẹ̀díẹ̀. Tó bá bì í, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi zinc kún un fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, 10 mg fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 20 mg fún èyí tó ti pé. Ẹ máa fún un lọ́mú, ẹ má dá oúnjẹ ẹ̀ dúró.

Ìyá Ìbejì Ìbàdàn kọ:

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín, mo ti fi ka ìyá ọkọ mi létí, wọ́n ní àwọn gbọ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ìbéèrè kan péré ló kù. Ẹ ní ántíbọ́dì inú ọmú lè pa àjẹsára. Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ṣé kó má fún ọmọ lọ́mú lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kán rota fún un ni?

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta fèsì:

Rárá o, kó fún un lọ́mú kí wọ́n tó kán an àti lẹ́yìn tí wọ́n bá kán an tán. Wọ́n ti dán an wò ní South Africa àti Pakistan, wọ́n ní káwọn ìyá kan dá ọmú dúró díẹ̀, kò mú kí àjẹsára ṣiṣẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmú yẹn ló ń gbé IgA ìyá wọ ìfun ọmọ lójoojúmọ́, àwọn kòkòrò tí kò ní àjẹsára pàápàá, òun ló ń bá a dì wọ́n mú. Ohun kan tí kó máa ṣe ni pé tó bá ti pààrọ̀ páḿpáàsì ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba rota, kó fọ ọwọ́ ẹ̀ dáadáa pẹ̀lú ọṣẹ, torí fáírọ́ọ̀sì àjẹsára máa ń bá ìgbẹ́ jáde fún àkókò díẹ̀.

Bàbá Kòfo, tí ìyá bá ti sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá bí i ni BCG, hepatitis B àti pólíò àkọ́kọ́. Rota àkọ́kọ́ di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọjọ́ kan náà pẹ̀lú pẹ́ńtà, abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn márùn-ún, ọ̀fẹ́ ni ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ìjọba. Ẹ mú káàdì dání.

Bàbá Kòfo fèsì:

Ẹ ṣeun nọ́ọ̀sì. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi fúnra mi ni màá gbé e wá.